Bàbá, Súbárù Wọn, àti Ìjà Búùtù

Lọ́jọ́ fìdáù Bàbá Àgbà, lẹ́mọ́mù sọ níwájú gbogbo èrò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà títí wọ́n fi lọ. Gbogbo wa la wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Àgbà, tí wọ́n wà nínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, ni wọ́n wúkọ́ tiwọn sókè jù. Mi ò dá lẹ́mọ́mù lẹ́bi. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ níbi fìdáù, ohun tó dára ló yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Bàbá, torí pé èmi ni tíṣà tó wà láàárín wa, mo ti mọ̀ pé mi ò ní lè kọ nípa èèyàn jẹ́jẹ́ kankan. Ẹni tí mo mọ̀ ni ọkùnrin tó ní kí àna rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, kó lọ jókòó sínú búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò. Ìjà yẹn ni wọ́n gbé dé ẹnu sàréè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Wàsíù ni orúkọ mi. Bí ẹ bá rí mi nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ẹgbẹ́dá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ẹ máa dá mi mọ̀, torí kọ̀ndọ́ á wò mí, á wo àga, á tún wò mí, á wá mí kanlẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo ọmọ-ọmọ Bàbá. Èmi nìkan ni mo sanra, èmi náà sì ni Bàbá fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń pè mí ní Ìdákọ̀ró. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ké láti pálọ̀, "Ìdákọ̀ró mi, ṣé o ti jí?" Ó pẹ́ tí mo fi orúkọ yìí ṣe fọ́ńté láàárín àwọn ìbátan mi. Mo rò pé Bàbá rí i pé èmi ni mo máa di ilé mú lẹ́yìn ọ̀la. Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé orí táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ń rò mí sí.

Mọníyà ni Bàbá ń gbé lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọkàn wọn wà ní Ìdí-Ọsàn, abà tí wọ́n bí wọn sí, níbi tí wọ́n sin bàbá wọn sí, tí wọ́n sì ti ń dáko ẹ̀gẹ́ àti ọsàn. Láti Mọníyà dé Ìrókò, kò sí wàhálà. Láti Ìrókò wọ inú lọ sí Ìdí-Ọsàn ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ amọ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá ti kàn án, á máa yọ̀ bí ilá. Òkè kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí à ń pè ní Òkè Pupa. Àwọn ọlọ́kadà máa ń já èrò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn àwọn.

Ọ̀nà yìí ni Bàbá torí rẹ̀ ra Súbárù Lẹ́gásì àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó olùwádìí tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn lẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti tì í lọ. Àṣé ọ̀nà tí wọ́n dà lọ́dà ni wọ́n ṣe é fún, kò ga nílẹ̀ rárá. Ní òjò àkọ́kọ́ tí Bàbá fi gbé e lọ sóko, ikùn rẹ̀ jókòó lé àárín ọ̀nà bí adìyẹ tó sàba, táyà kan ò sì kanlẹ̀ mọ́. Àwọn ará abà ló gbé e kúrò. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wà á lọ bá Táófíìkì, mẹkáníìkì wọn ní Mọníyà, wọ́n ní kó bá àwọn fi ẹsẹ̀ kún ọkọ̀ náà.

Táófíìkì ò ṣe irú rẹ̀ rí. Bàbá náà ò ṣe irú rẹ̀ rí. Èyí ò dí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Orí fóònù mi ni Bàbá ti ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà, dátà mi ni wọ́n sì ń jẹ. Wọ́n á jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa wo àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé Súbárù àtijọ́ sókè, tí wọ́n ń fi gun àpáta, tí wọ́n ń fi la odò kọjá. Lọ́jọ́ kan, Bàbá dá fídíò dúró.

"Wàsíù, kí ló dé tí wọ́n ń gba ibẹ̀? Ṣé ìjọba ò ṣe ọ̀nà fún wọn ni?"

Mo ní, "Ọ̀nà tó dáa wà níbẹ̀, Bàbá. Eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá èyí tí kò dáa kiri ni."

Bàbá yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wo òyìnbó náà tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀. Ìyọ́nú gidi wà lójú wọn. "Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìdí-Ọsàn," wọ́n ní. "A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn."

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà gé irin tó ki, Táófíìkì fi í sí àárín ṣọ́kù àti ara ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè dìde. Irin tó wà nílẹ̀ ò ju ti ẹ̀yìn lọ, ti iwájú ṣì ń bọ̀ láti ọjà irin ní Géètì. Ṣé Bàbá máa dúró dè é? Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde bẹ́ẹ̀, ìdí lókè, imú nílẹ̀, bí ẹni tó forí kanlẹ̀. Gbogbo Mọníyà ló jáde wá wò ó. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí bèèrè lọ́wọ́ Bàbá irú ìrun tí ọkọ̀ ń kí. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì tẹ orí ba kí àwọn tí a jọ lọ ilé ìwé má baà rí mi. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ní ìwọ̀n mi ò lè fara pamọ́ sínú Lẹ́gásì. Bàbá ní tiwọn ń juwọ́ sí èrò. Wọ́n ní, "Ó sàn kó máa kírun ju kó máa sùn sínú ẹrẹ̀ lọ."

Nígbà tí irin iwájú dé, ó ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Ọkọ̀ wá gbójú sókè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná rẹ̀ á máa fi ìtẹ́ ẹyẹ hàn wá, a ò sì ní rí kòtò. Ìgbà kẹta ni iwájú àti ẹ̀yìn tó dọ́gba. Wọ́n wá fi táyà ńlá sí i, táyà ń ha ara ọkọ̀, Táófíìkì sì gé ara ọkọ̀ náà dànù níbi tó ti ń ha. Wọ́n de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítorí òkúta. Ní báyìí ọkọ̀ náà ga débi pé Màmá ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Àpótí ìdáná wọn ni wọ́n fi ń gùn ún, àpótí náà ò sì padà sí ìdí ààrò mọ́ títí di òní. Màmá ní àwọn ò mọ̀ pé ọkọ àwọn máa dàgbà tán kó tó ra ẹṣin.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni páìpù. Bàbá rí i nínú fídíò pé àwọn òyìnbó máa ń gbé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn gòkè, kí omi odò má baà wọ inú rẹ̀. Wọ́n ra páìpù omi, irú èyí tí à ń rì mọ́ ilẹ̀ ilé, wọ́n ní kí Táófíìkì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ jígí iwájú lọ sí orí ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò bèèrè bóyá Bàbá fẹ́ máa dáná nínú mọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, agbọ́n sì kọ́lé sẹ́nu páìpù. Bí Bàbá ṣe ní kí ẹ́ńjìnnì dáhùn báyìí, ariwo rẹ̀ ta agbọ́n jí. Èmi Ìdákọ̀ró ni mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, mo sá, mo sáré débi tí ẹnikẹ́ni ò rò pé irú mi lè sáré dé. Wọ́n ta mí létè síbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, Bàbá ti gbé jígí sókè, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ń wò mí. Ó tó ìgbà kan kí wọ́n tó ráyè bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìdákọ̀ró, ìwọ ló yẹ kó gbẹ̀yìn."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín jù, mi ò tíì sọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Àṣà kan wà tí Bàbá dá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn tí mi ò rí níbòmíì. Gbogbo wa la mọ̀ pé níwájú ni àgbà ń jókòó, ọmọdé á sì lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bàbá ò gba ìyẹn gbọ́ lákòókò òjò. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Ìrókò, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wo èrò láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń ra àgbò Iléyá. Wọ́n á wá máa pín wa. Ẹni tó fúyẹ́ á lọ síwájú, ẹni tó wúwo á lọ sí búùtù, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú lórí Òkè Pupa. Mo ti rí i tí ọmọ kékeré kan jókòó síwájú bí ọba, tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Èmi ni mo ni búùtù. Wọ́n ti tẹ́ àpò síbẹ̀ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn, ìdáhùn kan ni Bàbá ní. Wọ́n á ní, "Ọkọ̀ ò mọ àgbà."

Àṣà yìí ló fa ìjà.

Alájì ni ẹ̀gbọ́n Màmá, ìyẹn ni pé àna Bàbá ni wọ́n. Wọ́n ń ta tòmátì àti ata ní Ṣáṣá, èèyàn pọ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí aṣọ wọn funfun kó sì dúró. Nígbà tí mo bá ń sọ pé mo sanra, ẹ má tíì gbà mí gbọ́ àfi bí ẹ bá rí Alájì. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Ìdí-Ọsàn ni gbogbo wa jọ ń lọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá dúró ní Ìrókò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo èrò, ojú wọn sì dúró sára Alájì. Màmá fojú kìlọ̀ fún wọn. Bàbá gbé e mì. Alájì jókòó síwájú, agbádá wọn kún ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gíà. Màmá wà láàárín. Èmi wà ní búùtù pẹ̀lú àgbò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àkíkà.

Òkè Pupa ò gbà fún wa. Táyà ń yí lásán, ọkọ̀ ń yọ̀ padà. Bàbá gbìyànjú, wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n wá pa ẹ́ńjìnnì. Mo rí ẹ̀yìn orí wọn láti ibi tí mo wà, mo mọ̀ pé wọ́n ń bá ọkàn wọn jà.

"Alájì," wọ́n ní, ohùn wọn rọ̀ gan-an, "ẹ dákun, ẹ bọ́ sẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Búùtù. Lọ́dọ̀ Wàsíù."

"Lọ́dọ̀ Wàsíù àti àgbò?"

Bàbá ní, "Àgbò yẹn ni ò wúwo tó."

Alájì ṣílẹ̀kùn, wọ́n kó agbádá wọn lé èjìká, wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Ìrókò. Màmá pè wọ́n títí. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀, iwájú ọkọ̀ fúyẹ́. Bàbá tún gbìyànjú, táyà di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ sì gun òkè náà láìwẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni Bàbá ti ṣe ohun tó bà á jẹ́ pátápátá. Inú wọn dùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n gbàgbé ara wọn, wọ́n sì tẹ fèrè ọkọ̀ lórí òkè, pééé, pééé. Alájì gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún Màmá pé àwọn lè gbàgbé ọ̀rọ̀ búùtù, pé fèrè yẹn ni àwọn ò lè gbàgbé.

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tóbi tó bí ẹ ò bá ní àna. Bàbá tó yẹ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún Alájì, wọ́n ti fi Alájì wé ẹran, ẹran sì gun òkè, Alájì ń fẹsẹ̀ rìn padà. Láti ọjọ́ náà, Alájì ò wọ Súbárù mọ́, wọn ò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ lójúkojú mọ́. Bí wọ́n bá wá kí àbúrò wọn nílé, Bàbá lè wà lórí àga tó kọjú sí tiwọn, wọ́n á kàn sọ fún Màmá pé, "Bá mi kí ọkọ rẹ." Bàbá náà á ní, "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín." Màmá wà láàárín bí ẹni tó ń ta ọjà fún àwọn méjì tí ò gbọ́ èdè ara wọn.

Kì í ṣe pé Bàbá ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sí Ṣáṣá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Mo ṣẹ̀ yín, mo tọrọ àforíjì." Alájì ti na ọwọ́ láti gbé wọn dìde. Bàbá wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹ wúwo." Àwọn àgbà tó sìn wọ́n lọ di orí mú.

Wọ́n tún lọ nígbà Iléyá. Kí wọ́n tó lọ, Màmá kọ́ wọn ní pálọ̀ bí ọmọ ilé kéú, wọ́n ní kí Bàbá máa tún un sọ.

"Ẹ má bínú," Bàbá ní.

"Kí lẹ wá máa sọ tẹ̀lé e?"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Nǹkan kan rárá?"

"Nǹkan kan rárá."

Wọ́n lọ, wọ́n tún sọ "ṣùgbọ́n ẹ wúwo" náà. Èmi ni mo bá wọn lọ, mo sì gbọ́ ọ. Nínú mọ́tò nígbà tí a ń bọ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní bí àwọn bá bẹ̀bẹ̀ tí àwọn ò sọ ìdí rẹ̀, Alájì máa rò pé àwọn kàn fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà ni, pé bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní in lọ́kàn rárá, pé òkè ló fà á. Bàbá gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé bí èèyàn bá lóye ọ̀rọ̀ táyà, inú rẹ̀ á rọ̀. Mo fẹ́ràn Bàbá gan-an, ṣùgbọ́n agídí wọn ti pọ̀ jù. Ẹ ti rí i pé èmi náà ti kó àrùn "ṣùgbọ́n" yẹn. Ọjọ́ tí a délé yẹn, Màmá ò bú wọn. Wọ́n kàn jókòó ti àwo oúnjẹ, wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì máa kú, ìkejì á wá máa sọ ṣùgbọ́n fún ògiri." Ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́, torí mo rí i pé ẹ̀rù ń ba Màmá náà.

Ìgbà kan wà tí mo rò pé ó ti fẹ́ parí. Píkọ́ọ̀pù Alájì kó tòmátì láti Ìdí-Ọsàn, ó sì rì sísàlẹ̀ Òkè Pupa. Oòrùn ń mú, tòmátì ń rọ̀. Ẹnì kan sáré wá sọ fún Bàbá lóko. Bàbá mú okùn, wọ́n kó èmi àti àpò ẹ̀gẹ́ sí búùtù, a sì lọ. Alájì fúnra wọn ti dé ibẹ̀, wọ́n dúró sábẹ́ agboòrùn. Bàbá so okùn mọ́ píkọ́ọ̀pù, Súbárù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀ kí n máa tì í láti ẹ̀yìn. Mo tì í. Bí píkọ́ọ̀pù ṣe jáde kúrò nínú kòtò, mi ò rí ohun tí mo fara tì mọ́, mo sì dojú dé inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i tí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn. Wọ́n rí i pé wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jáwọ́. Alájì yíjú sí mi, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi. "Bá mi sọ fún bàbá rẹ pé ó ṣeun." Bàbá tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Sọ fún wọn pé ká ní wọ́n ti jókòó sí búùtù ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́."

Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èmi ni wọ́n ní kí n máa wa ọkọ̀ náà wọ oko. Inú mi dùn, ó sì bà wọ́n nínú jẹ́, torí ẹni tó yẹ kó wà ní búùtù ti wá wà níwájú. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun Òkè Pupa. Èmi máa ń tẹ iná mọ́ ọn, táyà á máa ta ẹrẹ̀ sókè. Bàbá á gbá mi lórúnkún. "Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń lé olè," wọ́n ní. "Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀lé àna rẹ̀ lọ." Mo wo ojú wọn láti mọ̀ bóyá àwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

Àìsàn tó mú wọn lọ ò pẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ wọ́n lára. Alájì wá sílé lákòókò náà, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọn ò wọ yàrá. "Bá mi kí ọkọ rẹ," wọ́n ní fún Màmá. Àárọ̀ ọjọ́ kan lákòókò òjò ni Bàbá kú. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Bàbá ti sọ pé Ìdí-Ọsàn ni ká sin àwọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. A gba ọkọ̀ agbókùú. Nígbà tí a fẹ́ gbéra ní Mọníyà, Màmá jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di apá ẹ̀gbọ́n wọn mú. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí ọkọ mi." Alájì bá wa lọ pẹ̀lú ọkọ̀ tiwọn, èmi ń wa Súbárù bọ̀ lẹ́yìn. Ní Ìrókò, dírẹ́bà ọkọ̀ agbókùú bọ́ sílẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní òun ò lọ. Ọkọ̀ Alájì náà ò lè gbà á. Súbárù ló kù. A tẹ́ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, a sì gbé Bàbá wọ inú rẹ̀ nínú aṣọ funfun wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ṣílẹ̀kùn iwájú fún Alájì, torí àwọn ni àgbà. Alájì dúró níwájú ilẹ̀kùn náà pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Àwọn yòókù ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ní Òkè Pupa, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀lé àna rẹ̀ lọ, kò gbà. Bàbá ti fúyẹ́ nínú àìsàn náà, kò sí ohun tó di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Èmi tí mo jẹ́ Ìdákọ̀ró ni mo ń wa ọkọ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú, bí òjò bá sì tún bá wa níbẹ̀, a ò ní dé Ìdí-Ọsàn lọ́jọ́ náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ahọ́n mi ò gbé e.

"Kí ni bàbá rẹ máa ń ṣe bó bá débí?" Alájì bèèrè.

"Wọ́n máa ń... ẹ má bínú, sà."

"Sọ̀rọ̀, ọmọ yìí."

"Wọ́n máa ń ní kí ẹni tó wúwo lọ sẹ́yìn."

Alájì bọ́ agbádá wọn, wọ́n ká a, wọ́n fi í sórí àga iwájú. Wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn, mo sì gbọ́ tí búùtù ṣí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ kó wọlé. Ọkọ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Nínú jígí mo rí wọn, wọ́n ká orúnkún wọn sókè, ọwọ́ wọn kan wà lórí aṣọ funfun.

"Ṣé ó ti tó báyìí?" wọ́n ní.

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Mo wá rí i pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ gun òkè. Kò yọ̀ rárá. Lórí òkè, mo dúró kí wọ́n lè padà wá síwájú, wọ́n ní kí n máa lọ, pé ibẹ̀ dáa. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n tún pè mí.

"Wàsíù, tẹ fèrè."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ojú mi ò fi rí ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí a padà dé Mọníyà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá wà lórí ẹní. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn bóyá wọ́n bá àwọn kí ọkọ àwọn, Alájì sì ní àwọn kí i. Màmá wo ṣòkòtò funfun wọn, wọ́n rí bí amọ̀ pupa ṣe kún ìdí rẹ̀.

"Níbo lẹ jókòó sí?"

"Búùtù," Alájì ní. "Mo wúwo."

Gbogbo wa ń dúró de "ṣùgbọ́n". Kò wá. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbọ̀n wọ́n títí, kó tó wá di ẹkún.